Ọjọ́ Kẹfà: Ipò Ènìyàn Láàrin Ẹ̀dá

Bí a ti ń ka orí kìn-ín-ní Gẹ́nẹ́sísì ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bi wá léèrè bóyá òtítọ́ ni pé ọ̀bọ ni ó bí ènìyàn. A bá a wí, a sì ní kí ó jókòó. Ojú tì wá lẹ́yìn náà, nítorí àwọn àgbà Ìjọ wa pàápàá ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ní ọdún 1859 ni Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó sọ bí onírúurú ẹ̀dá ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Gbólóhùn kan péré ni ó fi kan ọ̀ràn ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kà á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1860, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pàdé ní Oxford. Samuel Wilberforce, Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, tako ẹ̀kọ́ yìí. Thomas Huxley sì dá a lóhùn. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé bíṣọ́ọ̀bù bi í bóyá níhà bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ti bá ọ̀bọ tan. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu wọn, nítorí náà a kò ní fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Àlùfáà Frederick Temple, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Rugby nígbà náà, wàásù ní Oxford kan náà. Ó kọ́ wọn pé kí a má ṣe máa wá ọwọ́ Ọlọ́run kìkì níbi tí ìmọ̀ kò tíì dé, bí kò ṣe nínú àwọn òfin tí gbogbo ẹ̀dá ń tọ̀. Ọkùnrin yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury ní ọdún 1896! Nígbà tí Darwin sì kú ní ọdún 1882, bí kò tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́ mọ́, inú sọ́ọ̀ṣì àgbà Westminster ni a sin ín sí.

A padà tọ ọmọ náà lọ. A sọ fún un pé àwọn onímọ̀ kò wí pé ọ̀bọ tí ń bẹ lórí igi lónìí ni ó bí wa. Baba ńlá kan náà ni wọ́n ní àwa àti ìnàkí ní, àti pé ìran méjèèjì yà ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 6 tàbí 7 sẹ́yìn. A sì ní kí ó wo ọjọ́ tí Ìwé Mímọ́ wí pé a dá ẹran ọ̀sìn àti ẹranko igbó.

Ó kà á jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ọjọ́ kẹfà ni, tíṣà. Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ènìyàn.” Lẹ́yìn èyí ni ó bi wá pé, bí egungun wa bá jọ ti ìnàkí, níbo lára wa wá ni àwòrán Ọlọ́run wà? Ọ̀sẹ̀ méjì ni kíláàsì wa fi jiyàn lé èyí lórí.