ỌWỌ́ KEJÌ LÓRÍ TÁBÌLÌ IṢẸ́ ABẸ

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn àwọn Ṣọ̀ún kì í wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn jagunjagun àti ti àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní ìlú wa. Ìtàn mìíràn wà tí ó yẹ kí ó bá wọn jókòó. Òun ni ti àwọn tí ń dúró ní òdìkejì tábìlì nígbà tí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń fa ẹran ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí dókítà lè ríran, tí wọ́n ń nu ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń gé okùn bí ó ti ń rán ojú egbò. Igbákejì oníṣẹ́ abẹ ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín.

Kí òyìnbó tó dé ni abẹ ti wà láàárín wa. Àwọn olóólà ni wọ́n ń kọ ilà ojú, àwọn náà ni wọ́n sì ń kọ ọmọkùnrin nílà. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í tètè fọwọ́ kan abẹ. Yóò kọ́kọ́ mọ bí a ti ń di ọmọ mú kí ó má mira, àti bí a ti ń kán omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́. Bí ìdìmú bá yẹ̀, abẹ yóò yẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí oníṣègùn òyìnbó dé, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé ẹni méjì ní í ṣe iṣẹ́ abẹ kan.

Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ ibùdó dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí dókítà tó dé. Ní 1907 ni Dókítà George Green wọ ìlú pẹ̀lú aya rẹ̀, Lydia. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà ni ó rán an. A kò ṣí ilé-ìwòsàn ńlá náà títí di 1923. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko nìyẹn tí a fi ń tọ́jú aláìsàn nínú ohun tí ó bá wà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kán oògùn oorun sí aṣọ tí ó bo imú aláìsàn, kí ó sì máa wo èémí rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa na irin iṣẹ́ sí dókítà. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró kojú rẹ̀ lórí egbò. Níbo ni a ó ti rí wọn, nígbà tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní àyíká wa? Nínú àwọn ilé-ìwòsàn ajíhìnrere ìgbà náà, ọ̀dọ́ ìlú tí ó wá ń gbálẹ̀ tàbí tí ó ń wẹ egbò ni a ń mú wọlé, bí a bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì bà á lẹ́rù.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ fífọ̀. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láti orí ìka dé ìgúnpá, a ó sì gbé e sókè kí omi má baà ṣàn padà sórí ìka. Ẹni tí ó bá gbàgbé tí ó fi họ imú yóò lọ tún un fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni fífa egbò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé agbára ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Bí a bá fà á ju bí ó ti yẹ lọ, a ó pa ẹran ara lára. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, dókítà kò ní rí ibi tí ó ń gé. Igbákejì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó kàn kí a tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpá tí ó há ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àìsàn yìí ti pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Bí dókítà bá ti tú ibi tí ìfun há sí, ìfun náà lè ti dúdú. A ó fi aṣọ tí a rì sínú omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó, a ó sì dúró. Ọwọ́ igbákejì ni ó máa ń wà ní àkókò náà, tí kò gbọdọ̀ fún un, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó yọ́ padà sínú ikùn. Bí ìfun bá padà pọ́n, ó yè. Bí kò bá padà, a ó gé ibẹ̀ kúrò. Kí a tó pa egbò dé, a ó ka gbogbo òwú àti aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀, bí ẹni ka owó, kí ọ̀kan má baà kù sí inú ènìyàn.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí gbogbo dókítà ń wọ̀ lónìí, nítorí igbákejì ni a ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1889, oògùn apakòkòrò ń bó ọwọ́ nọ́ọ̀sì Caroline Hampton, tí ń na irin iṣẹ́ sí Dókítà William Halsted. Dókítà náà ní kí ilé iṣẹ́ Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún un. Ní 1890 ó fi í ṣe aya. (Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò fẹ́ràn èyí.)

Ọ̀rọ̀ ipò igbákejì dá ìjà sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 1930 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yábàá láti di olùrànlọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí a ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá ní 1934, inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó pé ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ kò tó ti òyìnbó. Nínú ìbínú yìí ni a ti dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀. Dókítà J. C. Vaughan wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá iṣẹ́ ìránṣẹ́ Bowen dé Ìjàyè. Àre ni wọ́n jà fún: kò tọ́ kí a fi ẹnikẹ́ni sí ipò kejì títí ayé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wo orúkọ igbákejì bí àbùkù, tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì lábùkù kankan.

Nígbà tí a dá ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1947, ìwé di dandan. Ó dára fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n kí ni ti àwọn tí ó fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́? Bàbá kan wà ní àdúgbò tí a gbé dàgbà, tí ó lo ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn kan tí kò sí ní ìlú yìí. Bí dókítà tuntun bá ṣìnà, bàbá kì í sọ̀rọ̀. Yóò kàn sún irin tí ó fi ń fa egbò sí ibi tí ó yẹ kí abẹ gbà. Òkùnrin yìí lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo so kókó mọ́ ẹsẹ̀ àga kí ojú wa tó ṣẹ́. Lébìrà ni a kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó oṣù, owó lébìrà ni ó sì gbà nígbà tí ó fẹ̀yìntì. A ṣèlérí fún un pé a ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìdánwò ọmọ ilé-ìwé ni a ń máàkì lọ́dún náà, a ní ó di ìsinmi. Kí ìsinmi tó dé, bàbá ti kú.

Lónìí, dókítà tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa yàrá iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń dúró ní ipò yìí nílẹ̀ wa. Ilé-ìwòsàn tí Green dá sílẹ̀ di ti ìkọ́ni lábẹ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìlànà wọn sì ni pé kí ẹni tí ń na irin má ṣe tún jẹ́ igbákejì ní àkókò kan náà, bí kò ṣe nínú iṣẹ́ kékeré. Mòsáḿbíìkì tilẹ̀ ti ń kọ́ àwọn tí kì í ṣe dókítà ní iṣẹ́ abẹ gan-an láti 1984, Sàró sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2011, nítorí pé dókítà kò tó. Àwa tí dókítà wa ń lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́, ó yẹ kí a bi wọ́n bí wọ́n ti ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ìlú wa tàbí ní ìdálẹ̀, tí kò gba ìwé-ẹ̀rí, kí ó mú orúkọ náà àti ọdún tí ó fi ṣe é tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ wá kí a tó tẹ ìwé ọdún tí ń bọ̀. Bí àwòrán bá wà, kí ó mú un lọ́wọ́. A ó dá a padà.