Ọkọ Ti Di Ọmọ Amẹ́ríkà, Aya Ńkọ́?

Ẹ óò rántí ọjọ́ ìsinmi kan tí arábìnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Kaduna jó wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ti búra, ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó di àsíá kékeré mú lọ́wọ́, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. A bá wọn dúpẹ́, a bá wọn jó. Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kí wọ́n di ẹrù ló kù.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí arábìnrin yìí tó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò tíì jókòó tán tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọkọ mi bóyá ó ti fẹ́ ìyàwó míì síbẹ̀. Ó ti di onílé lọ́hùn-ún, àwa ṣì wà lórí ìlà tá a wà láti ọjọ́ yìí. Kí ló ń dá wa dúró?"

Mo pe ọkọ lórí fóònù. Ohùn òun náà kò dùn rárá. "Pásítọ̀, èmi náà ń retí wọn ni o. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ló fún mi ní ìwé yìí. Ṣé wọn ò wá mọ̀ pé wọ́n ti fún mi ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé. Aya rò pé ọkọ ti yí padà. Ọkọ rò pé ìjọba ló ń sùn. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún ìjọba. Àwọn bàbá wa kò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nígbà tí mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rí i pé ìtàn gígùn ló wà nídìí rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí ìjọ gbọ́ ọ.

Ìgbà kan wà tí ohun tí ọkọ yìí rò ì bá jẹ́ òótọ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ọkọ bá ti yí, aya ti bá a yí. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1855 sọ pé obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tí ọkọ rẹ̀ bá di ọmọ Amẹ́ríkà, òun náà ti di ọmọ Amẹ́ríkà lójú ẹsẹ̀. Kò ní kọ fọ́ọ̀mù, kò ní búra. Àmọ́ o, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún nígbà náà. Ọdún 1870 ni wọ́n tó fi àwọn ọmọ Áfíríkà kún àwọn tó lè di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe irú òfin yẹn láti ọdún 1844: obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ará ibẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀bẹ olójú méjì ni òfin yẹn. Bí aya bá jẹ́ òjìji ọkọ, ibi tí ọkọ bá kọjú sí ni òjìji ń lọ. Ní ọdún 1907, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ọmọbìnrin wọn tó bá fẹ́ àjèjì ti pàdánù ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ethel Mackenzie, California ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ó fẹ́ akọrin kan tó jẹ́ ọmọ Scotland. Nígbà tí àwọn obìnrin California gba ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1911, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní San Francisco. Wọ́n ní rárá, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà mọ́, ọkọ rẹ̀ kì í kúkú ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, àwọn adájọ́ sì dá a lẹ́bi ní 1915. Kò kúrò nílùú, kò ṣẹ̀ sófin. Ìgbéyàwó nìkan ló ṣe.

Àwọn obìnrin kò dákẹ́ sí i. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìdìbò jákèjádò Amẹ́ríkà ní 1920, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, òfin tí wọ́n ń pè ní Cable Act jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìwé aya ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ìwé ọkọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ díẹ̀ sí i: òfin wọn ti 1948, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1949, ni kò jẹ́ kí obìnrin wọn máa pàdánù ìlú rẹ̀ torí pé ó fẹ́ àjèjì.

Òmìnira ni èyí, a sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn gbé iṣẹ́ dání. Nígbà tí aya jẹ́ òjìji, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún ìjọba pé òjìji ti tẹ̀ lé ẹni tó ni ín. Ní báyìí tí aya ti di ènìyàn tó ní fáìlì tirẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọkọ lọ sínú fáìlì aya. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé e, fáìlì méjèèjì á wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé tọkọtaya náà kò mọ ara wọn rí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà àti Ṣakí pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn kan ti ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ. Wọ́n rò pé ọdún tí àwọn ti lò níbẹ̀ ni ìwé àwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi hàn wọ́n pé ọdún kì í ṣe ìwé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà, àpò ńlá tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní.

Òfin tiwa nílé ńkọ́? Abala 26 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà kí obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà. Kódà níbẹ̀, kì í ṣàdédé dà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ béèrè fún un ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wa tó bá fẹ́ àjèjì, abala yẹn kò ṣílẹ̀kùn fún ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Abuja dìbò lórí àbá tó fẹ́ tún èyí ṣe, wọ́n sì dà á nù. Àbá mìíràn tí wọ́n dà nù lọ́jọ́ kan náà ni èyí tó fẹ́ kí obìnrin lè di ọmọ ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin láti fẹ̀hónú hàn.

Àwa tá a wà ní Kaduna mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ṣe ń ta ni lára. Ìlú yìí gan-an, ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ dó. Zungeru ni olú ìlú Àríwá wà kí wọ́n tó gbé e wá síbí. Iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ akọ̀wé ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa dé. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ aṣọ dé sí Kakuri, Kaduna Textiles ní 1957, àwọn míì sì tẹ̀ lé e. A bí wa síbí, à ń sọ Hausa bí ẹni ń jẹ àkàrà, síbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń wọlé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé nílùú bàbá rẹ̀. Nígbà tí United Nigerian Textiles sì ti ilẹ̀kùn ní 2007, tí iṣẹ́ wọ́n, ọ̀nà òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin wa kọjú sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí mò ń sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìlà wọn ṣe rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun nípa àjèjì. Lábẹ́ òfin yẹn, ìlà méjì ló wà fún ìyàwó ẹni. Ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà kò sí lábẹ́ iye tí wọ́n fi sí físà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹni tó ní green card nìkan wà lórí ìlà tó níye; tí físà ọdún bá ti tán, ó di kó máa dúró. Ìlà kejì yìí ni arábìnrin wa wà, torí green card ni ọkọ rẹ̀ ní nígbà tó kọ fọ́ọ̀mù I-130 fún un. Nígbà tí ọkọ búra, ẹ̀tọ́ aya láti kọjá sí ìlà kìíní ti dé. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn.

Ohun tó yẹ kí ọkọ ṣe kò le. Bí fọ́ọ̀mù náà bá ṣì wà lọ́wọ́ USCIS, kó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tó gbà lọ́jọ́ ìbúra ránṣẹ́ sí wọn, kó sọ fún wọn pé òun ti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tí ó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sí National Visa Center, àwọn yẹn ni kó fi tó létí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa nìyí: àwọn ọmọ. Lórí ìlà green card, ọmọ lè rìn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìyá rẹ̀. Ní ìlà kìíní, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní I-130 tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìyá kọjá tí wọn ò kọ tàwọn ọmọ, ìyá á gba físà, àwọn ọmọ á sì kù sẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù kan péré ni ọkọ arábìnrin wa kọ. Ní ti ọmọ tó ti ń sún mọ́ ọdún 21, òfin ọdún 2002 kan wà tó ń ràn án lọ́wọ́: bí wọ́n bá ti kọ I-130 fún un kí òbí rẹ̀ tó búra, tí kò sì tíì pé 21 lọ́jọ́ ìbúra náà, tí kò sì ṣègbéyàwó, ọjọ́ orí yẹn ni wọ́n á máa lò fún un.

Nígbà tí mo sọ èyí fún arákùnrin náà lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Pásítọ̀, ọdún kan gbáko!" Mo ní kó má sọ fún èmi, ìyàwó rẹ̀ ni kó pè. Ó pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tọrọ àforíjì. Ìyàwó náà tọrọ àforíjì fún ohun tó ti rò sí i lọ́kàn.

Mo rántí Pọ́ọ̀lù. Ní Fílípì, wọ́n nà án ní gbangba, wọ́n sì tì í mọ́lé, kó tó sọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ pé ọmọ Róòmù lòun. Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ, àmọ́ ẹgba ti wọlé sára. Ní Jerúsálẹ́mù, ní orí 22 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é láti nà án ni, ó sì yára sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ọmọ ogun tó fi owó ńlá ra tirẹ̀ bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó nà án níbẹ̀. Ọmọ Róòmù kan náà ni Pọ́ọ̀lù nílùú méjèèjì. Ìgbà tó sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ọjọ́ ìbúra kì í ṣe òpin iṣẹ́ yín lórí ìyàwó. Ẹ̀yin aya tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má fi ìfura ṣáájú ìbéèrè. Ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó béèrè obìnrin. Òfin wọ̀nyí sì ń yí padà lọ́wọ́ ìjọba kan sí òmíràn. Ẹ bi lọ́yà tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ejẹ́ǹtì tó ń gba owó lábẹ́ igi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ ti fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́, ó sì ti kọ fọ́ọ̀mù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì pè wọ́n sí Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ṣì ń dúró, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń dúró ni báyìí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú irú ọpẹ́ yẹn wá, mo máa ń bi í léèrè kí ìlù tó dún: "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?" Kí Olúwa má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa tú ilé tí ó so pọ̀ ká. Àmín.