Ìtàn Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Ṣe Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Àtọwọ́dá fún Sẹ́ẹ̀lì

Ibi tí omi kò bá dé, irúgbìn ibẹ̀ kì í yè. Òye yìí ni ìtàn tí a fẹ́ tọ pinpin yìí dúró lé.

Ní 1661, Malpighi rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti ọ́síjìn dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí Ross Harrison mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọ́ hù lóde ara ní 1907, ìṣòro kan yọjú: bí sẹ́ẹ̀lì bá gun ara wọn lórí, ebi a pa àwọn ti inú kú.

Ní 1972, Richard Knazek àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà di fọ́nrán oníhò tín-ín-rín pọ̀, wọ́n ń da oúnjẹ gba inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ń hù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní 2012, Jordan Miller, Christopher Chen àti àwọn mìíràn fi ṣúgà tẹ àwòrán iṣan. Wọ́n da èròjà rọ̀bọ̀tọ̀ tó ní sẹ́ẹ̀lì lé e, wọ́n yọ́ ṣúgà náà dànù, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì: ìda ni àwọn asúdẹ Ifẹ̀ ń yọ́ kúrò kí idẹ tó gba ipò rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kò tíì máa fi kíndìnrín tí a ṣe báyìí rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi ìda àti idẹ ṣàlàyé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yé lè parí iṣẹ́ náà.