Àríyànjiyàn lórí ògiri ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́ksíkò

Àríyànjiyàn lórí ògiri ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́ksíkò ni awuyewuye tó ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn olóṣèlú, àwọn ilé-ẹjọ́ àti àwọn ará ìlú ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí bóyá ó yẹ kí ìjọba mọ ògiri sí ààlà gúúsù orílẹ̀-èdè náà láti dènà àwọn tó ń wọlé láìgbàṣẹ. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò lè ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀, òfin rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ta kò ó sọ pé owó gọbọi ni ògiri náà ń jẹ, pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, pé ó sì ń lé ènìyàn sínú aṣálẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tó lé wọn kúrò nílé. Orúkọ Donald Trump, tó kọ́kọ́ di ààrẹ ní ọdún 2017, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọgbà ti wà létí ààlà náà kí ó tó dé, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican àti ti Democratic ni wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i.

Ààlà náà

Ààlà náà gùn tó kìlómítà 3,145. Láti etí òkun Pàsífíìkì, níbi tí ìlú San Diego àti Tijuana ti kọjú sí ara wọn, ó gba etí ìpínlẹ̀ California, Arizona, New Mexico àti Texas kọjá títí tó fi dé òkun kejì nítòsí Brownsville. Odò Rio Grande, tí àwọn ará Mẹ́ksíkò ń pè ní Río Bravo, ni ààlà fún èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Wọn kò lè mọ ògiri sáàárín odò. Nítorí náà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń rì í mọ́ ní Texas, ó sì máa ń jìnnà sí omi nígbà mìíràn débi pé oko àti ilé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìhà Mẹ́ksíkò. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí ààlà ní Texas sì jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìjọba gbọ́dọ̀ gbé onílẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ bí kò bá fẹ́ tà. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó kù, Ààrẹ Theodore Roosevelt ti ya ilẹ̀ tóóró kan tó fẹ̀ tó mítà 18 sọ́tọ̀ fún ìjọba létí ààlà láti ọdún 1907. Ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yára ní Arizona ju Texas lọ.

Ogun tó wáyé láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì láti 1846 sí 1848 ló bí ààlà náà. Àdéhùn Guadalupe Hidalgo, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1848, gba California àti ilẹ̀ gbalasa mìíràn kúrò lọ́wọ́ Mẹ́ksíkò. Ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà sì dúnàádúrà lé lórí ní 1853 ló fi gúúsù Arizona kún un. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Mẹ́ksíkò máa ń sọ ọ́ títí dòní pé àwọn kọ́ ló kọjá ààlà, ààlà ló kọjá lórí àwọn.

Ìwọlé láìgbàṣẹ kí ògiri tó dé

Ọdún 1924 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹ̀ṣọ́ ààlà sílẹ̀. Láti 1942 títí di 1964, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bracero wà láàárín ìjọba méjèèjì, tí àwọn ọkùnrin Mẹ́ksíkò fi ń wá ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé àdéhùn, tí wọ́n sì ń padà sílé bí ìkórè bá tán. Ìwé àdéhùn tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ni wọ́n fọwọ́ sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ètò náà parí, tí òfin ọdún 1965 sì fi òdiwọ̀n sí iye àwọn tó lè wá láti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ oko kò tán, àwọn tó ń ṣe é kò sì jókòó sílé. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ̀. Ìwé ni kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bí ẹni pé àwọn aṣíwọ̀lú kàn ṣàdédé yọ lọ́jọ́ kan ni.

Ní 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ènìyàn ní ìwé ìgbélùú, tó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹni tí kò ní ìwé síṣẹ́. Apá àkọ́kọ́ múlẹ̀. Apá kejì kò rinlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń fẹ́ ògiri ti ń tọ́ka sí òfin yìí. Wọ́n ní àwọn ti gbà kí ìjọba dárí ji àwọn tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìṣọ́ ààlà tí wọ́n ṣèlérí kò sì tẹ̀ lé e, nítorí náà ìṣọ́ ni kó kọ́kọ́ dé nígbà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú láti tún òfin ìṣíwọ̀lú ṣe fi forí ṣánpọ́n lẹ́yìn ìgbà náà kò gbọdọ̀ fojú fo àròyé yìí.

Àwọn ọgbà àkọ́kọ́ àti òfin ọdún 2006

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba fi àwọn páànù irin tí àwọn ológun máa ń tẹ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfurufú ṣe ọgbà ní San Diego. Ní 1993 ní El Paso, àti ní 1994 ní San Diego, wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ jọ sí ọ̀nà tó gba inú ìlú kọjá. Èrò wọn ni pé bí ìlú bá ti dí, òkè àti aṣálẹ̀ yóò dá àwọn yòókù dúró fúnra wọn. Inú ìlú dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò yà sí aṣálẹ̀ Sonora ní Arizona, níbi tí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní ọdún 2022 nìkan, àjọ ìṣíkiri ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, IOM, ka ènìyàn 686 tó kú tàbí tó sọnù ní ààlà náà, ó sì pè é ní ojú ọ̀nà orí ilẹ̀ tó ń pa aṣíkiri jùlọ lágbàáyé.

Àbájáde kejì wà tí àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà kò rò tẹ́lẹ̀. Onímọ̀ nípa àwùjọ Douglas Massey, ti Yunifásítì Princeton, ti fi hàn pé bí ọ̀nà náà ṣe ń le sí i tí owó àwọn onífàyàwọ́ ènìyàn sì ń wọ́n sí i, àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń padà sílé lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ fi ẹ̀mí wewu lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Wọ́n jókòó sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ. Ọgbà tí wọ́n ṣe láti dènà ìwọlé di ohun tó ń dènà ìjáde.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2006, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Secure Fence Act, tó pàṣẹ ọgbà tó tó kìlómítà 1,100. Ìbò 80 sí 19 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fi gbà á wọlé. Barack Obama, Hillary Clinton, Joe Biden àti Chuck Schumer, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democratic, wà lára àwọn tó dìbò fún un. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ọgbà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,050 ti wà nílẹ̀.

Ìlérí Trump àti ìjà lórí owó

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, Trump kéde pé òun yóò díje fún ipò ààrẹ, ó ṣèlérí ògiri ńlá, ó sì ní Mẹ́ksíkò ni yóò san owó rẹ̀. Ìlérí ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sọ ọ̀rọ̀ irin àti kọnkéré di ọ̀rọ̀ iyì láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 2017, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àga, ó fọwọ́ sí àṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ààrẹ Mẹ́ksíkò, Enrique Peña Nieto, fagi lé ìbẹ̀wò tó fẹ́ ṣe sí Washington. Mẹ́ksíkò kò san kọ́bọ̀.

Owó náà di ohun tí Trump ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 2018, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní bílíọ̀nù 5.7 dọ́là. Àwọn aṣòfin Democratic kọ̀ jálẹ̀; Nancy Pelosi, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, sọ pé ìwà àìtọ́ ni ògiri náà. Bí ètò ìṣúná ṣe há nìyẹn, tí apá kan ìjọba àpapọ̀ sì ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, títí di ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 2019. Ọjọ́ 35 ni, kò sì sí irú rẹ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Nǹkan bíi òṣìṣẹ́ 800,000 ni owó iṣẹ́ wọn dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà, tí wọ́n ní torí iṣẹ́ wọn ni ìjà náà ṣe bẹ́ sílẹ̀, wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó.

Bílíọ̀nù 1.375 dọ́là ni àwọn aṣòfin fi sílẹ̀ níkẹyìn. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, Trump kéde ìpò pàjáwìrì kí ó lè fa owó yọ nínú owó àwọn ológun. Ilé aṣòfin méjèèjì dìbò láti fagi lé ìkéde náà, àwọn aṣòfin àgbà 12 láti inú ẹgbẹ́ Trump fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Keje, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, pẹ̀lú adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, gbà kí wọ́n máa ná bílíọ̀nù 2.5 dọ́là owó ológun náà lọ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Nígbà tí sáà náà parí ní oṣù Kìíní, ọdún 2021, ìjọba sọ pé òun ti mọ nǹkan bíi kìlómítà 737. Iye yìí náà di àríyànjiyàn, nítorí nǹkan bíi kìlómítà 84 péré nínú rẹ̀ ni ògiri àkọ́kọ́ níbi tí kò sí ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Àwọn alátakò ní àtúnṣe lásán ni ìyókù. Ọ̀rọ̀ wọn kò kún tó: ní ọ̀pọ̀ ibi, irin kúkúrú tó ń dí ọkọ̀ nìkan, tí ènìyàn lè fo kọjá, ni wọ́n fi òpó irin tó ga tó mítà 9 rọ́pò.

Ṣé ògiri náà ń dènà ènìyàn?

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà sọ pé níbi tí ìlú bá wà ní ìhà méjèèjì, ògiri ń fún àwọn láàyè láti mú ẹni tó ń sáré kí ó tó wọ àárín èrò, wọ́n sì ń tọ́ka sí San Diego àti Yuma, níbi tí iye àwọn tí wọ́n ń mú ti wálẹ̀ gidigidi lẹ́yìn tí ọgbà dé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ tuntun náà dé pọ̀ mọ́ ọgbà, ó sì ṣòro láti ya iṣẹ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Fún olùwá-ààbò, ògiri kì í ṣe ìdènà bí a ti ń rò ó. Inú ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n mọ ọ́n sí, nítorí náà ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn ìdílé tó wá láti Honduras, Guatemala tàbí Venezuela kì í sá fún ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń wá a kiri ni, kí wọ́n lè sọ pé àwọn ń wá ibi ìsádi. Ní ti oògùn olóró, fentanyl tí wọ́n ń gbà, inú ọkọ̀ tó gba ẹnubodè tó bófin mu ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀.

Iye àwọn tí ẹ̀ṣọ́ mú ní ààlà gúúsù ń lọ sókè sódò lórí ògiri kan náà. Ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 ní ọdún ìṣúná 2000, nǹkan bíi 304,000 ní 2017, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní 2023, ó sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 238,000 ní 2025, lẹ́yìn tí ìjọba ti sé ọ̀nà ìbéèrè ààbò tí Mẹ́ksíkò sì ń dá àwọn arìnrìn-àjò padà. Ìlànà nípa olùwá-ààbò àti ọwọ́ tí Mẹ́ksíkò fi mú ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun tó ń darí iye yìí ju gígùn ògiri lọ.

Àwọn kan tún wà tí kò rí ògiri sójú rí: àwọn tó fi físà wọ ọkọ̀ òfurufú, tí ọjọ́ físà tán tí wọn kò padà. Nípa báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ní ìwé ní Amẹ́ríkà ṣe débẹ̀. Ilé aṣojú ìjọba ni àríyànjiyàn yìí ti kan àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2020, Trump dá físà ìgbélùú dúró fún wọn, Biden sì fagi lé e lọ́jọ́ tó gbàjọba.

Àwọn tó ń gbé létí ààlà

Ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham, ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Arizona, bá ààlà rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 100, àwọn ènìyàn wọn sì wà ní ìhà méjèèjì. Ìjọba wọn fara mọ́ ìṣọ́ ààlà, wọ́n sì ń bá ẹ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ta ko ògiri. Ní 2020, àwọn tó ń mọ ògiri fi àdó olóró fọ́ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Monument Hill, níbi tí àwọn O'odham sọ pé wọ́n sin àwọn jagunjagun sí. Òfin ọdún 2005 kan ló fàyè gba irú èyí: ó jẹ́ kí ìjọba lè yẹ òfin ààbò àyíká àti ti ibojì àwọn ọmọ onílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ògiri. Àwọn ẹranko bíi jágúà, tó ń rìn láti òkè Mẹ́ksíkò wá sí Arizona, kò lè gba àárín òpó irin náà kọjá.

Láti ọdún 2021

Biden dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tó gorí àga. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ìjọba rẹ̀ yẹ òfin 26 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè mọ ògiri ní agbègbè Starr ní Texas. Ó ní owó tí àwọn aṣòfin ti yà sọ́tọ̀ ní 2019 ni, òun kò sì lè ná an sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ògiri ń ṣiṣẹ́, ó ní rárá. Gómìnà Texas, Greg Abbott, mọ ògiri ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ó sì da àwọn ohun olóòfo ńlá sójú odò Rio Grande ní 2023. Lẹ́yìn tí Trump padà dé, òfin tó buwọ́ lù ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2025, ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 46.5 dọ́là sọ́tọ̀ fún ògiri.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Orúkọ pàápàá jẹ́ ara àríyànjiyàn náà. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press pàṣẹ kí àwọn oníròyìn rẹ̀ yé fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «aláìbófinmu» pe ènìyàn. Ìṣe nìkan ni wọ́n lè pè bẹ́ẹ̀. Ní Yorùbá, àwọn tó wà lókè òkun máa ń sọ pé ẹnìkan «kò ní páálí» tàbí «kò tíì ní ìwé», èyí tó ń sọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ ènìyàn láìdá a lẹ́bi. «Odi» ni Yorùbá ń pe ohun tó yí ìlú ká láyé ogun. Àpilẹ̀kọ yìí lo «ògiri» nítorí pé ohun tí wọ́n ń mọ sí ààlà náà kò yí ibì kankan ká, ó sì lo «ọgbà» fún èyí tí wọ́n ṣe kí ọdún 2017 tó dé, bí òfin ọdún 2006 náà ti pè é.