Adùn Tábà: Láti Ìkòkò Amọ̀ dé Orí Vape

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ọ̀rọ̀ vape, iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ń wò. Ohun tí àwọn tó ń fà á máa ń bi ara wọn ni pé: orí vape wo ló ń mú adùn jáde jù? Àròkọ yìí fẹ́ wo ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ adùn tábà ti pẹ́ nílẹ̀ wa, gbèsè ló sì máa ń tẹ̀ lé e.

Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ló sì gbé e gba orí òkun dé etíkun wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran walẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, lára ohun tí ó rí ni owó ẹyọ àti àfọ́kù ìkòkò tábà tí wọ́n fi amọ̀ ṣe. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé èéfín tábà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba òyìnbó tó dé. Ẹni tó fẹ́ mu tábà nígbà náà ní láti rọ ọ́ sẹ́nu ìkòkò fúnra rẹ̀, kí ó fi iná sí i, kí ó sì fi ọ̀pá oníhò fà á.

Báwo ni tábà ṣe di ààyò? Adùn ni. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn ará Pọtogí máa ń ṣa ewé tábà sí ipò. Ewé tó dára jù ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Ewé ipò kẹta, tí kò yẹ fún ọjà Lisbon, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi oje ìrèké dúdú tó ki pa lára kí ó má baà gbẹ kí ó sì rún. Oje yìí mú kí ó máa ta sánsán, kí ó sì dùn lẹ́nu. Ní Ouidah, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ ju tábà mìíràn lọ. Kí ni wọ́n fi ń rà á? Ènìyàn ni. Wọ́n ń ta ẹrú, wọ́n ń gba tábà. Ewé tí wọ́n kọ̀ ní Lisbon di ohun tí a fi ọmọ ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, òwò tábà kò kásẹ̀. Ní ọdún 1907, ojú irin rélùwéè láti Èkó dé Òṣogbo, ìlú náà sì di ojúko òwò. Ilé-iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà ní ọdún 1912. Ní ọdún 1933, Òṣogbo ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ sí láti fi dán ọjà wò, kí wọ́n tó kọ́ èyí tó tóbi sí Ìbàdàn ní ọdún 1937. Sìgá kò ní wàhálà ìkòkò: wọ́n ti wé e tán, ìṣáná nìkan ló kù.

Síbẹ̀, èéfín sìgá máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Ní ọdún 1925, ará Amẹ́ríkà kan, Lloyd Hughes, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí sìgá tí a fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń mú ọ̀fun tutù, nítorí náà ẹni tó ń mu ún kò ní tètè mọ̀ pé iná ni òun ń gbé mì. Oje ìrèké tún ti dé, aṣọ mìíràn ló wọ̀.

Vape ni àbúrò wọn. Ní ọdún 2003, Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà tó ń mu sìgá, ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ omi tí nikotíìnì wà nínú rẹ̀ di oruku, torí ó ń wá ọ̀nà láti fi sìgá sílẹ̀. Láti inú ewé tábà ni wọ́n ti sábà ń yọ nikotíìnì náà. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo orí vape tí ènìyàn lè tú kí ó sì tún tò fúnra rẹ̀. Wọ́n á ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ki òwú sínú rẹ̀, wọ́n á rin òwú náà. Bí inú rẹ̀ bá fún, tí ihò afẹ́fẹ́ sì dojú kọ wáyà náà, adùn máa ń pọ̀. Bí òwú bá gbẹ, ìjóná ni wọn yóò tọ́ wò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni lóòótọ́, bí ìkòkò amọ̀ ti jẹ́. Ó sì lè ran àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún ọmọ ọdún 16 tí kò mu sìgá rí?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìdáhùn. Àwọn oníṣòwò Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ ló ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gbowó òun. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Òwò tó mọ́ ni: oníbàárà ní aṣọ lọ́rùn, bí ó bá sì ti san owó tán, Òṣómàáló á dìde, á máa lọ.

Nikotíìnì náà ń tajà láwìn. Lónìí, ó gbé adùn máńgòrò tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù wá. Lọ́la, á lóṣòó sínú ọpọlọ, á ní kí a san owó òun. Bí a bá san án, kò ní dìde. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọdún 25, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwa ọ̀dọ́ ni gbèsè yìí ti ń tètè ta gbòǹgbò.

Ìjọba kò dákẹ́. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí a máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ọdún 2019 sì fòfin de adùn àfikún bíi mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Àwọn aṣòfin ti rí ohun tí ìtàn rí: adùn ni ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ẹ bá ń kìlọ̀ fún wa, ẹ má fi mọ sórí pé ó burú. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, kí a mọ ẹni tó ń jèrè. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó bèèrè orí vape tó dùn jù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń tajà láwìn, àti ìgbà tí yóò dìde lẹ́nu ọ̀nà yín.