Dídán

Nínú èdè wa, “dán” ni a fi ń pe ohun tí ara rẹ̀ kò rí gbágungbàgun lọ́wọ́, òun náà ni a sì fi ń pe ohun tí ń tàn yanran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ díye lé dọ́là fàdákà Amẹ́ríkà tí George T. Morgan ya àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ láti 1878 títí di 1904, tí wọ́n sì tún tẹ̀ ní 1921, yóò rí i pé dídán ju dídán lọ. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìtànṣán ni ó ń yí kiri bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lábẹ́ iná, nítorí pé fàdákà a máa ṣàn lábẹ́ òǹtẹ̀, ìṣàn náà a sì máa jẹ ojú òǹtẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀nba tí a fi òǹtẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán tẹ̀ ni ó dà bí dígí, tí ó mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tí ó dà bí dígí, etí owó náà nìkan ni kí a dì mú, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé títẹ̀: bí lẹ́tà bá hàn kedere lójú rẹ̀ láti nǹkan bí íǹṣì 2 sí 4, dígí ni. Bí ó bá tó 6, ojúlówó dígí ni. Ojú méjèèjì ni ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ó dùn mí púpọ̀ láti rí ẹni tí ń fi aṣọ àti ẹ̀tù ha irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí kí ó lè dán: awọ tí òǹtẹ̀ fi wọ̀ ọ́ ni ó ń bó.