Ọjọ́ Tí Òkè Unzen Gbé Tọkọtaya Krafft Lọ

Fíìmù Fire of Love, tí Sara Dosa gbé jáde ní 2022, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ Katia àti Maurice Krafft, tọkọtaya ará Faransé tí wọ́n fi ayé wọn tẹ̀lé òkè ayọnáyèéfín káàkiri. Werner Herzog náà ṣe fíìmù tirẹ̀ lórí wọn lọ́dún yẹn kan náà. Ibì kan ṣoṣo ni ìtàn méjèèjì forí sọ: òkè Unzen ní erékùṣù Kyushu, nílẹ̀ Japan, ní ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà 1991.

Aago Japan fi wákàtí 8 ṣáájú tiwa ní Nàìjíríà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ ni ní Festac, ní Amuwo-Odofin, nílùú Èkó, àsìkò tí òṣìṣẹ́ máa ń sáré jáde ní First Gate láti wọkọ̀ lọ sí Mile 2. Aago méjèèjì la ó jọ máa kà, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kan ará Amuwo-Odofin bó ṣe kan ará Japan.

Aago 6 òwúrọ̀ ní Unzen (10 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Festac)

Ilẹ̀ mọ́ bá ìlú Shimabara lábẹ́ òkè tí kò sùn mọ́. Fún 198 ọdún ni Unzen fi dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ní 1792, ẹ̀gbẹ́ òkè kan lẹ́yìn ìlú ya lulẹ̀, ó já sínú òkun, òkun ru sókè, nǹkan bí 15,000 ènìyàn sì bá a lọ. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1990, òkè náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ní 20 oṣù Karùn-ún 1991, òkúta yíyọ́ yọrí ní Fugen, ọ̀kan lára ṣóńṣó òkè náà.

Òkúta yíyọ́ kì í ṣe oríṣi kan. Ti Hawaii máa ń ṣàn wẹ̀rẹ̀ bí ewédú, ibi tí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí ló ń gbà lọ, ènìyàn sì lè rìn kúrò lọ́nà rẹ̀. Ti Unzen ki bí àmàlà. Ńṣe ló ń gun ara rẹ̀ lórí, gáàsì há sínú rẹ̀, tó bá wá ga ju bó ṣe lè dúró lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a wó. Ní 24 oṣù Karùn-ún ó wó fún ìgbà àkọ́kọ́: òkúta fọ́ wẹ́wẹ́, òun àti eérú gbígbóná ya wọ àfonífojì odò Mizunashi.

Ìjọba ìlú ní kí àwọn ará Kita-Kamikoba, àdúgbò tó sún mọ́ àfonífojì náà, kó kúrò nílé. Àmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá fẹ́ padà wọlé, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀pá dá a dúró.

Aago 9 òwúrọ̀ (1 òru ní Festac)

Katia jẹ́ ẹni ọdún 49, Maurice jẹ́ 45. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni ìyàwó kọ́, ọkọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Yunifásítì Strasbourg ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì fẹ́ra ní 1970. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní bímọ. Nílẹ̀ wa, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ yóò pe ìpàdé ẹbí ọ̀tún àti ti òsì. Ní tiwọn, owó àti àkókò tí ọmọ ì bá gbà, òkè ló gbà á. Katia ń ya fọ́tò, Maurice ń ya fíìmù. Ìwé àti fíìmù tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò tó kàn.

Ọkọ ló gbójú jù. Ní 1971, nílẹ̀ Indonesia, ó gun ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà sórí adágún Kawah Ijen, adágún tó jẹ́ pé ásíìdì ló kún inú rẹ̀. Katia wà létí adágún, inú ń bí i.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín òkè oníná sí. Pupa ni èyí tí òkúta yíyọ́ rẹ̀ ń ṣàn. Eérú ni èyí tó ń bú gbàù, òun sì ni apani. Ìṣẹ̀lẹ̀ Colombia ló yí ọkàn wọn sí oníeérú pátápátá. Ní 13 oṣù Kọkànlá 1985, òkè Nevado del Ruiz yọ yìnyín tó wà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ sì bo ìlú Armero mọ́lẹ̀ lóru. Nǹkan bí 23,000 ènìyàn ló kú. Àwọn onímọ̀ ti ya máàpù ibi tí ewu náà yóò gbà, àwọn aláṣẹ sì ti rí i. Wọn kò kó ènìyàn kúrò.

Láti ìgbà náà ni tọkọtaya yìí ti gbà pé ìwé àti máàpù kò tó fún aláṣẹ. Ó yẹ kó fojú rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù kan tí yóò fi ewu òkè oníná hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìkùukùu eérú gbígbóná tó ń ya bọ̀ láti orí òkè ni wọ́n wá wá sí Unzen.

Harry Glicken, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 33, wà pẹ̀lú wọn. Òun ló ń ṣọ́ òkè oníná St. Helens nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1980, títí tí David Johnston, ọ̀gá rẹ̀, fi wá gba ipò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ 17 oṣù Karùn-ún. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni òkè náà bú, tí Johnston kú. Glicken tún rí ọdún 11 lò sí i.

Aago 12 ọ̀sán (4 ìdájí ní Festac)

Ibì kan wà ní Kita-Kamikoba tí ojú ti ń rí òkè dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn to kámẹ́rà sí. Wọ́n háyà takisí, àwọn awakọ̀ sì ń dúró dè wọ́n. Àwọn panápaná àdúgbò ti kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n padà, nítorí pé àwọn oníròyìn kan ti wọ ilé àwọn tó sá lọ, wọ́n ń lo iná àti fóònù onílé. Ta ni yóò ṣọ́ ilé bí kì í bá ṣe ọmọ àdúgbò? Àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ padà wá wo oko. Àwọn méjì wá tú pátákó tí wọ́n lẹ àwòrán olùdíje ìbò mọ́.

Ẹ wo ohun tó kó wọn jọ: iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni, yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ gan-an ohun tí wọ́n wá wò. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Maurice ti sọ lójú kámẹ́rà pé ẹ̀rù kì í ba òun, pé òun ti rí ìbúgbàù òkè tó pọ̀ tó ní 23 ọdún débi pé bí òun bá kú lọ́la, kò dun òun.

Aago 3:30 ọ̀sán (7:30 òwúrọ̀ ní Festac)

Òkìtì òkúta orí Fugen bẹ̀rẹ̀ sí í wó léraléra, ní kékeré kékeré. Òjò àti èéfín dí ojú mọ́ òkè. Ẹni tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ kò rí ohun tó wá yà.

Aago 3:57 (7:57)

Èyí tó tóbi já. Kò dé ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ bo gbogbo àfonífojì. Àwọn ọlọ́pàá ń sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 ló kù.

Aago 4:08 (8:08)

Apá ńlá lára òkìtì náà wó lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bọ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ibẹ̀ sì ni ikú fara pamọ́ sí. Apá tó wúwo, òkúta àti iyanrìn gbígbóná, tẹ̀lé àfonífojì bí ó ṣe yẹ. Ẹni tó bá dúró sórí òkè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfonífojì lè rò pé òun bọ́. Apá kejì, ìkùukùu eérú àti gáàsì, fúyẹ́ ju èyí lọ. Kò mọ àfonífojì, kò mọ bèbè. Ó fò kọjá, ó gun òkè kékeré náà, ó ń sáré ju ọkọ̀ ojú títì lọ, ooru rẹ̀ sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígíríì. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè bá a sáré.

Yorùbá ní ikú ogun ní ń pa akíkanjú, ikú odò ní ń pa òmùwẹ̀. Òwe yẹn bá Katia àti Maurice mu, ó sì bá Glicken mu. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n irú ikú wo ló pa awakọ̀ takisí?

Aago 5 ìrọ̀lẹ́ (9 òwúrọ̀ ní Festac)

Ènìyàn 43 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ: oníròyìn 16, panápaná 12, awakọ̀ takisí 4, àgbẹ̀ 4, ọlọ́pàá 2, àwọn méjì tó wá tú pátákó ìbò, àti onímọ̀ òkè oníná 3. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí òkú tọkọtaya náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn

Ní 7 oṣù Kẹfà, ìlú Shimabara sọ àmọ̀ràn di òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ àgbègbè náà mọ́, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejì, òkè náà tún wó, èyí sì tóbi ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Ilé jóná. Kò sí ẹni kankan tó kú.

Ní àkókò yẹn náà, nílẹ̀ Philippines, òkè Pinatubo ń múra àtibú. Àwọn onímọ̀ gbé fíìmù tí tọkọtaya Krafft kò tíì ṣe tán hàn fún àwọn aláṣẹ àti aráàlú: ẹrẹ̀ Armero, ìkùukùu eérú, gbogbo rẹ̀. Wọ́n rí i, wọ́n gbà. Ní 10 oṣù Kẹfà, nǹkan bí 15,000 ènìyàn kó kúrò ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní Clark, àwọn ará abúlé sì ń kó lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 15 oṣù Kẹfà, Pinatubo bú, ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù ní ọ̀rúndún ogún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ wọn nítorí òrùlé tó wó lábẹ́ eérú tútù. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣírò pé ó kéré tán 5,000 ẹ̀mí ni kíkó kúrò yẹn yọ. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, fíìmù ni wọ́n sì fi kọ́ wọn.

Kò sí òkè oníná ní Èkó; lára àwọn tó sún mọ́ wa ni ti Cameroon. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta 2020, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, Abule-Ado ní Amuwo-Odofin bú gbàù, ìró rẹ̀ sì mi ilé ní Festac. Àjọ NNPC sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò sí ilé iṣẹ́ gáàsì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀pá epo rẹ̀ gbà kọjá. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú. Lára wọn ni Sista Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College, ẹni tó ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jáde nígbà tí ilé ń wó.

Tipẹ́tipẹ́ la ti mọ̀ pé ọ̀pá epo gba ibẹ̀ kọjá. Bí Shimabara náà ṣe mọ̀ nípa òkè rẹ̀ nìyẹn, ó mọ̀ ní 2 oṣù Kẹfà bó ṣe mọ̀ ní 7 oṣù Kẹfà. Ìyàtọ̀ àárín ọjọ́ méjèèjì kò ju pé ní èkejì, wọ́n fi ènìyàn sójú ọ̀nà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá, yálà onímọ̀ ni, oníròyìn ni, tàbí ẹni tó ń wá owó oúnjẹ. Ilẹ̀ ọ̀pá epo Amuwo-Odofin ṣì nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó nìkan.